Látúndé Odeku

Emmanuel Ọlátúndé Àlàbá Ọláńrewájú Odeku (ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1927 – ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1974), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Látúndé Odeku, jẹ́ dókítà oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn àti akéwì. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ. Ní ọdún 1962 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní University College Hospital ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH. Ọmọ ọdún 47 péré ni nígbà tí àwọn ìṣòro tí àtọ̀gbẹ ń fà gba ẹ̀mí rẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí irú ikú tí ó kú, ìtàn ayé rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ṣì ń bá yí títí di òní, èyíinì ni bí ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ba òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, àti bí ó ṣe ń mú kí òpó tí wọ́n ti là tún padà dí.

Ìbí àti ìgbà èwe

Awẹ́ ni wọ́n bí Odeku sí, nítòsí ìlú Ọ̀yọ́. Lónìí, Awẹ́ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pẹ̀lú Fìdítì, Ìlọrà, Akínmọ̀ọ́rìn, Ìmíní, Ìwàrè àti Jọ́bẹ́lẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Èkó ni Odeku ti kàwé ní ìgbà èwe rẹ̀. Ó lọ sí Methodist Boys' High School, ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ti pẹ́ jùlọ ní ìlú náà. Ní àkókò yìí, Nàìjíríà kò tíì ní yunifásítì kankan. Ọdún 1948 ni wọ́n dá èyí tí ó wà ní Ìbàdàn sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di dókítà tí ó ní oyè yunifásítì ní láti la òkun kọjá.

Ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà

Odeku rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti lọ sí Yunifásítì Howard ní ìlú Washington. Howard jẹ́ yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ dókítà aláwọ̀ dúdú orílẹ̀-èdè náà ni ó sì ti ibẹ̀ jáde. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní ọdún 1950, ó sì gba oyè dókítà ní ọdún 1954.

Ní ọdún 1956, ó wọ Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor láti kọ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ lábẹ́ Edgar Kahn, ọ̀kan lára àwọn àgbà iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Ó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀. Ní ìgbà náà, dókítà aláwọ̀ dúdú tí ń ṣe iṣẹ́-abẹ ọpọlọ kò wọ́pọ̀ rárá, yálà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Áfíríkà. Lẹ́yìn èyí, ó tún kọ́ nípa bí àìsàn ṣe ń ba ẹran ara ọpọlọ jẹ́, ó sì ṣe olùkọ́ ní Howard fún ìgbà díẹ̀. Ipò wà fún un ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ó yàn láti padà wá sílé.

Iṣẹ́ ní UCH

Odeku dé Ìbàdàn ní ọdún 1962. Ọdún yìí kan náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó wà ní Ìbàdàn di yunifásítì tí ó dá dúró. UCH fúnra rẹ̀ kò tíì ju ọdún márùn-ún lọ, nítorí ọdún 1957 ni wọ́n ṣí i. Kò sí ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ ọpọlọ níbẹ̀ kí ó tó dé. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Irú àwọn aláìsàn tí ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú ni àwọn tí ọkọ̀ kọlù, àwọn tí kókó hù sí nínú ọpọlọ, àwọn tí ọyún gbá jọ sí lábẹ́ agbárí, àti àwọn ọmọ ọwọ́ tí omi kún orí wọn.

Ọ̀nà tí dókítà fi ń mọ ohun tí ó wà nínú agbárí ní ìgbà náà yàtọ̀ púpọ̀ sí ti òní. Kò tíì sí ẹ̀rọ CT tí ń ya àwòrán ọpọlọ ní ìpele-ìpele. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó ẹ̀jẹ̀ ni ojú fèrèsé tí oníṣẹ́-abẹ ọpọlọ ń gbà wo inú. Wọn a fún aláìsàn ní oògùn kan sínú òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn, oògùn tí ó máa ń hàn nínú àwòrán ẹ́sírè, wọn a sì ya àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn gba inú ọpọlọ kọjá. Bí òpó kan bá yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kókó máa tì í. Bí ó bá sì pin lójijì, ó ti dí nìyẹn. Egas Moniz, dókítà ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, ni ó kọ́kọ́ ya irú àwòrán yìí fún ènìyàn alààyè, ní ìlú Lisbon ní ọdún 1927, ọdún tí wọ́n bí Odeku gan-an.

Odeku di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1965. Kí ìgbà rẹ̀ ní Ìbàdàn tó parí, ó ti ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ àti ọ̀gá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì náà. Adélọlá Adélóyè, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́-abẹ ọpọlọ lẹ́yìn rẹ̀, wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́.

Ìwádìí àti ewì

Láàrin ọdún méjìlá tí ó lò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn, Odeku kọ nǹkan bí 60 àpilẹ̀kọ ìmọ̀ ìṣègùn. Àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ wọn: kókó inú ọpọlọ, ìfarapa orí àti àwọn àrùn mìíràn tí ń ba ọpọlọ jà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ìgbà náà gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 1971, òun àti Adélóyè ṣàlàyé kókó olómi kan tí a máa ń bí mọ́ àwọn ọmọ kan, tí ó ń yọ lábẹ́ awọ orí ní ojú àwùjẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ni àwọn ìwé ìṣègùn kan fi ń pe kókó náà di òní.

Odeku tún jẹ́ akéwì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó tẹ ìwé ewì méjì jáde, Twilight Out of the Night ní ọdún 1964 àti Whispers from the Night ní ọdún 1969.

Àtọ̀gbẹ ní Ìbàdàn ní ìgbà ayé rẹ̀

Ní àwọn ọdún tí Odeku fi ṣiṣẹ́ ní UCH, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀ jẹ́ àrùn òyìnbó, tàbí ti ọlọ́rọ̀ nìkan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn kan náà wà lára àwọn tí ó fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1971, Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn mìíràn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àtọ̀gbẹ láàrin ọmọ Nàìjíríà, tí ó dá lórí aláìsàn 832. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Ọ̀ṣúntókun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìlú Ìbàdàn, ó sì hàn kedere pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ń ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìyẹn ni pé nígbà tí Odeku ń tọ́jú ọpọlọ, àwọn dókítà inú yàrá tí kò jìnnà sí tirẹ̀ ń kọ ìtàn àrùn tí ó padà wá pa òun fúnra rẹ̀.

Àìsàn àti ikú

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ni Odeku kú ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, látàrí àwọn ìṣòro tí àtọ̀gbẹ ń fà.

Àtọ̀gbẹ ni àìsàn tí ara kò fi lè lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ, yálà nítorí pé ara kò ní ínsúlínì tó, tàbí nítorí pé ínsúlínì tí ó wà kò ríṣẹ́ ṣe dáadáa. Ṣúgà tí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́ a máa ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Nínú àwọn òpó tín-ín-rín, ojú, kíndìnrín àti iṣan ìmọ̀lára ni ó máa ń kọ́kọ́ jìyà. Nínú àwọn òpó ńlá, ọkàn, ọpọlọ àti ẹsẹ̀ ni ewu wà fún.

Ìtọ́jú tí ó wà ní ìgbà náà kò tó ti òní. Ínsúlínì ti wà láti ọdún 1922, ṣùgbọ́n aláìsàn kì í sábà ní ẹ̀rọ tí ó lè fi wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ilé. Ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń yẹ̀ wò, bí orúkọ mìíràn tí a ń pe àrùn náà, ìtọ̀ ṣúgà, ti fi hàn. Títí di ọdún 1993 ni ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí a bá ń ṣọ́ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gidigidi láti ìbẹ̀rẹ̀, ìpalára ojú, kíndìnrín àti iṣan ìmọ̀lára yóò dín kù púpọ̀. Odeku ti kú ní ọdún 19 ṣáájú èyí.

Ìtọ́jú òpó ẹ̀jẹ̀ láti inú

Nígbà tí Odeku ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀nà tuntun kan ń bẹ̀rẹ̀ ní òkè òkun láti tọ́jú òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dí láìla ara. Ní oṣù Kìíní ọdún 1964, Charles Dotter, dókítà kan ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà, ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú òpó ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kan tí wọ́n ti ń gbèrò láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Òpó náà là, wọn kò sì gé ẹsẹ̀ náà mọ́. Ní ọdún 1974, ọdún tí Odeku kú, Andreas Grüntzig ní ìlú Zürich kọ́kọ́ lo bàlúùnù kékeré láti fẹ òpó ẹsẹ̀. Ní ọdún 1977, ó lo irú bàlúùnù bẹ́ẹ̀ fún òpó ọkàn. Láti ọdún 1986, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítẹ́ǹtì, wáyà kékeré tí a ṣe bí àwọ̀n tí a ká, sínú òpó ọkàn kí ó má baà tún pa dé.

Kò pẹ́ tí ìṣòro kan fi hàn. Nínú àwọn tí wọ́n fi bàlúùnù nìkan tọ́jú òpó ọkàn wọn, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni òpó náà tún dí fún láàrin oṣù mẹ́fà. Sítẹ́ǹtì mú kí èyí dín kù. Àwọn sítẹ́ǹtì tí a fi oògùn pa lára, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, tún mú kí ó dín kù sí i. Síbẹ̀, kò tíì tán.

Ohun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí òpó tún dí

Bàlúùnù tí ó wú nínú òpó ẹ̀jẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sí ògiri òpó náà nínú. Ara a sì tọ́jú rẹ̀ bí ó ti ń tọ́jú ọgbẹ́ yòókù. Àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì a sáré wá síbẹ̀, ògiri òpó a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu ẹran tuntun. Bí ẹran náà bá mọ níwọ̀n, ọgbẹ́ jinná nìyẹn. Bí ó bá hù kọjá ààlà, bí àpá tí ó ga ju awọ ara lọ, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tún dí nìyẹn. Títóbi òpó, gígùn ibi tí ó dí àti bí wọ́n ṣe fi sítẹ́ǹtì sí i wà lára ohun tí ó ń pinnu èyí. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀.

Àtọ̀gbẹ ni ó lágbára jùlọ nínú wọn. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí ògiri òpó máa gbóná bí ojú egbò, ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó sì ń mú kí ẹran ògiri òpó máa hù ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé alátọ̀gbẹ tí òpó ọkàn rẹ̀ dí ní ibi púpọ̀ sàn jù bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́-abẹ tí ń fún ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn ju bí wọ́n bá fi sítẹ́ǹtì sí i lọ.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní HbA1c ni ó ń sọ bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ wa, ó yẹ kí dókítà fara balẹ̀ tí ó bá ń ka èsì rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan sì lè ṣìnà nítorí èyí. Ní ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, pupa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ láyé, nítorí náà àyẹ̀wò náà lè fi ṣúgà hàn pé ó kéré nígbà tí kò kéré. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò mìíràn ni ó yẹ.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni èkejì. LDL, ọ̀rá tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri òpó, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀. Òmíràn wà tí a ń pè ní Lp(a), tí a ń jogún láti ara òbí, tí oúnjẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó sábà máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà ju nínú ti àwọn ará Yúróòpù lọ. Àwọn ìwádìí kan ti so Lp(a) tí ó pọ̀ mọ́ òpó tí ó tún dí lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹta ni àmì ìgbóná ara nínú ẹ̀jẹ̀. CRP, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, máa ń pọ̀ nígbà tí ara bá ń bá nǹkan jà. Bí ó bá pọ̀ kí wọ́n tó la òpó, ó lè jẹ́ àmì pé ògiri òpó kò ní gbà bọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yára dì tó. Ìdí nìyí tí a fi ń fún ẹni tí wọ́n fi sítẹ́ǹtì sí lára ní ásípírìn àti oògùn mìíràn bíi clopidogrel. Ara àwọn kan kò lè yí clopidogrel padà sí ohun tí yóò ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n jogún. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dì sínú sítẹ́ǹtì bí ó tilẹ̀ ń lo oògùn rẹ̀. Ewu tí ó tóbi jù lọ sì ni kí ènìyàn dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá.

Òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ

Agbárí ni ibi iṣẹ́ Odeku. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú agbárí gan-an máa ń dí ju bí ó ti ń rí lára àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nígbà tí sítẹ́ǹtì inú ọpọlọ jáde, ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2011, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SAMMPRIS fi ọ̀nà méjì wéra láàrin aláìsàn 451. Apá kan gba oògùn àti àmójútó tí ó gbóná: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, ṣúgà àti sìgá. Apá kejì gba èyí pẹ̀lú sítẹ́ǹtì. Láàrin 30 ọjọ́, 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gba sítẹ́ǹtì ni rọpárọsẹ̀ kọlù tàbí tí ó kú. Nínú àwọn tí kò gbà á, 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Wọ́n tètè dá ìgbàsílẹ̀ àwọn aláìsàn dúró.

Ohun tí èyí kọ́ àwọn oníṣègùn ni pé líla òpó nìkan kò tó. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú rẹ̀ kọjá kò bá ní àtúnṣe, ìtọ́jú náà kò tíì parí.

Ìrántí

Ilé-ìkàwé ìṣègùn tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, nínú ọgbà UCH, ń jẹ́ E. Latunde Odeku Medical Library ní ìrántí rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń ka ìwé, títí kan ìwé lórí àtọ̀gbẹ àti òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́-abẹ ọpọlọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962 ṣì wà, ó sì ti kọ́ àwọn dókítà tí ń ṣe iṣẹ́ náà káàkiri Nàìjíríà. Ní Awẹ́ àti ní gbogbo agbègbè Afijio, wọ́n ń ka Odeku kún ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìlú tí ó gbé orúkọ ilé ga.